Bí Ojúọlápé Ṣe Yan Ẹja sí Adágún Ìyá Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ta pọ́ńkán, ó já sínú omi, ó dá lórí Ojúọlápé àti àwọn ẹja tó gbà sílé. Ègbè orin wa ni "Wẹ́rẹ́, omi wẹ́rẹ́." Ẹ má jẹ́ kí n dá a kọ.

Ní ayé àtijọ́, ní ìlú Ìsàlẹ̀-Àbàtà, adágún kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń mu. Ojúọlápé ló ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ojú ìyá tó fọ́, kí ẹsẹ̀ ìyá tó rọ. Ìyá yìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin òṣíbàtà sínú omi náà. Ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ṣíji bo omi, omi tutù bí òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí Ẹlẹ́dàá dá.

Ní ọdún kan, ẹ̀fọn yé sí omi. Tanwíjí kún adágún. Ẹni bu omi, ó bu tanwíjí. Ẹni sẹ́ omi, ó sẹ́ tanwíjí. Ibà ń ṣe àwọn ọmọdé. Ọba ní, "Bí oṣù tuntun bá lé, tí omi yìí kò mọ́, a ó fi yẹ̀pẹ̀ dí i, ìlú yóò sì ṣí lọ síbòmíràn."

Ojúọlápé wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni ibi tí ìlú máa ṣí lọ. Ìyá kò lè rìn ín, kò sì sí ẹni tó lè gbé e débẹ̀ láàyè.

Ìyá ní, "Ẹja ní í jẹ tanwíjí. Lọ mú ẹja wá. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n ba òṣíbàtà mi jẹ́ o."

Ojúọlápé kúnlẹ̀, ó gbàdúrà. Ó gbé igbá, ó lọ sí odò ẹlẹ́rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó bu ogójì yọ̀yọ̀, ẹja wẹ́wẹ́ tí kò gùn ju ìka lọ. Wọ́n dé inú adágún, wọ́n ń ṣa tanwíjí jẹ.

Àwọn obìnrin tó wá pọnmi fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ojúọlápé, ẹja nìyí àbí èèrà?"

"Bí ẹni fi ìrẹ̀ ṣọ́lé ni."

Ojú tì í. Ó padà sódò, ó pe ẹja ńlá.

Àrọ̀ dé, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì. "Ìyàwó, o kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ máa wọlé."

Ojúọlápé kò bi í ní nǹkan kan. Ní ìlú náà, wọn kì í bi àlejò pé kí lo jẹ lánàá. Omi ni wọ́n ń fún un, ẹní ni wọ́n ń tẹ́ fún un. Ilẹ̀ mọ́, ogójì yọ̀yọ̀ ku ogún.

"Bàbá, àwọn ọmọ yẹn dà?"

Àrọ̀ gùfẹ̀. "Ó jọ pé wọ́n lọ kí ẹbí wọn."

Ní ọjọ́ kejì, Epìyà dé. Kò bi í. Ilẹ̀ mọ́, òṣíbàtà léfòó, gbòǹgbò rẹ̀ kọjú sókè.

"Kí lẹ wá nídìí ewé ìyá mi?"

"Ìyàwó mi fẹ́ yé ẹyin. Ṣé kó yé e sórí ewé ni?"

Ní ọjọ́ kẹta, Òjìjí dé. Kò bi í. Ilẹ̀ mọ́, obìnrin kan ki ọwọ́ bọ omi, ara rẹ̀ gbọ̀n rìrì, ìkòkò rẹ̀ fọ́. Òjìjí ní, "Ẹ má bínú. Bí mo ṣe ń kí èèyàn nìyẹn."

Yọ̀yọ̀ ku márùn-ún. Tanwíjí tún kún. Oṣù ku ọjọ́ mẹ́wàá kó lé.

Ojúọlápé lọ sunkún lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá ní, "Ṣé o ṣe ìwádìí wọn?"

"Ìyá mi, àlejò ni wọ́n."

"Ẹni tó máa lọ lọ́la ni àlejò. Ẹni tí kò ní lọ mọ́, ìyàwó ilé ni. Ta ló ń fẹ́yàwó láìrán alárinà?"

Ojúọlápé nu ojú. Ó fi ìgèrè kó Àrọ̀ àti Epìyà padà sódò. Òjìjí, igbá ló fi bù ú; kò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹlẹ́dàá kò ṣe àṣìṣe lára yín. Odò fẹ̀, ó gbà yín. Ilé wa ni kò gbà yín." Ó tún òṣíbàtà gbìn.

Ìṣáwùrú ń gbé lábẹ́ òṣíbàtà. Ewé tó ti rà nìkan ló ń jẹ. Ojúọlápé ní, "Ìwọ ni alárinà mi." Ó kọ́ ọ lórin.

Ìṣáwùrú ní, "Mo ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé n kì í sáré."

Ó fà lọ, ó fà lọ, ó fà lọ. Ó dé odò, ó ń kọrin láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà:

Ẹja odò, kí lo jẹ lánàá?
*Wẹ́rẹ́, omi wẹ́rẹ́.*
Ẹnu rẹ ni mo wò, n kò wo ìrù.
*Wẹ́rẹ́, omi wẹ́rẹ́.*
Níbo lo sùn? Ta lẹ jọ sùn?
*Wẹ́rẹ́, omi wẹ́rẹ́.*
Ẹni tí ẹ jọ sùn, ṣé ó jí?
*Wẹ́rẹ́, omi wẹ́rẹ́.*

Ní ọjọ́ keje ó padà dé. "Mo bi wọn, mo sì bi aládùúgbò wọn. Yọ̀yọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Ẹnu wọn kò gba ju tanwíjí lọ. Wọn kì í hú ewé. Ṣùgbọ́n ẹ má mú wọn ní méjì mẹ́ta; ìbẹ̀rù ló ń pa wọ́n bí wọn kò bá pọ̀. Gbogbo agbo ilé ni kẹ́ ẹ kó."

Ojúọlápé kó agbo ilé kan, tìyá tọmọ. Ó ń gbé wọn bọ̀ ni Àrọ̀ tẹ̀ lé e, ó ń wọ́ nínú ẹrẹ̀. "Ìyàwó, mo ti ronú pìwà dà. Ewé ni mo ń jẹ báyìí."

Àwọn obìnrin ní, "Gbà á. Ṣé o kò gbọ́ pé ìkookò àti ọ̀dọ́ àgùntàn yóò jọ sùn pọ̀ ni?"

Ojúọlápé gbé igbá kalẹ̀. Ó mọ̀ pé òtítọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo gbà á gbọ́. Ọjọ́ náà ń bọ̀, kò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹni tó ṣèlérí rẹ̀ ni yóò mú un wá, kì í ṣe èmi. Títí dìgbà náà, ẹnu ni n ó máa wò. Bàbá, ẹ bá mi gbe orin yìí."

Ó kọrin. Àrọ̀ di ẹnu pọ̀, ó ń fi imú gbè é. Ó dé ibi "Ẹni tí ẹ jọ sùn, ṣé ó jí?" Ìlú gbè é. Àrọ̀ gbàgbé, òun náà la ẹnu: "Wẹ́rẹ́—" Yọ̀yọ̀ kan fò jáde láti ọ̀fun rẹ̀, ó bọ́ sínú igbá Ojúọlápé.

Obìnrin kan ní, "Bàbá, irú ewé wo nìyẹn?"

Àrọ̀ yí padà, ó gba odò lọ.

Oṣù lé. Ọba wá pẹ̀lú àwọn tó gbé yẹ̀pẹ̀ dání. Ó fi igbá funfun bu omi. Ó wò ó títí. Kò rí tanwíjí kan. Ó ní kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sóko. Ojúọlápé bu omi náà, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ìyá mu ún. Ó ní, "Ó tutù."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tí a ó jọ gbé kì í ṣe àlejò. Kí a bi í léèrè kó tó wọlé, kí a má bàa sunkún nígbà tó bá wọlé tán. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹnu ńlá, Ó fún un ní odò ńlá.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí omi inú igbá yìí má tutù lọ́fun mi. Ẹ jẹ́ kí n mu ún wò.

Ó tutù.