Kéèkì Tí Orí Rẹ̀ Wú

Obìnrin kan wà tí ó mọ kéèkì ṣe dáadáa, bí a bá ní kí ẹnu jẹ́rìí sí i. Bí ó bá jẹ́ ojú ni a ní kó jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ á di ẹ̀rín. Kò ní ààrò ńlá. Ìkòkò irin tí ó da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń yan kéèkì lórí iná èédú, bí ọ̀pọ̀ obìnrin àdúgbò rẹ̀ ti ń ṣe. Nígbà tí ó bá ṣí ìkòkò, àárín kéèkì á ti yọ gọngọ sókè bí ikùn aboyún. Àwọn ará ilé á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní, "Ó mà wú o. Ìyàwó wa, ọwọ́ rẹ dára." Inú rẹ̀ á dùn, nítorí òun ni ó kẹ́yìn nínú àwọn ìyàwó agbo ilé náà, ìyìn kì í sì í pọ̀ fún ẹni tó kẹ́yìn.

Ìyìn yìí ni ó kó bá a. Bí ó bá fẹ́ ṣe kéèkì onípele mẹ́ta, ó máa ń gbé ọ̀kan lé èkejì lórí pẹ̀lú gbogbo wíwú wọn, á wá fi áísìn, ìyẹn ṣúgà tí a pò mọ́ bọ́tà, dí àlàfo tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá tẹ̀ sí ọ̀tún, á fi áísìn kún òsì. Ní ọjọ́ ìkómọ kan, oòrùn mú, áísìn yọ́, ìpele òkè sì rọra yọ̀ wálẹ̀ sórí tábìlì lójú àlejò. Ìyàwó àgbà ilé náà wò ó, ó ní, "Kéèkì yìí mà ní ẹ̀kọ́ ilé o, ó kúnlẹ̀ kí wa." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọ yàrá, ó sunkún.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin dé. Adúmáradán ni ó ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń ṣe kéèkì tà ní ìgboro. Adúmáradán kọ̀ jálẹ̀.

"Ìyàwó wa ló máa ṣe kéèkì mi," ni ó wí. "Bó bá máa ṣubú, ẹ jẹ́ kó ṣubú. Ojú tèmi ni kó tì."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ obìnrin náà lára. Ẹnì kan ṣoṣo tó fọkàn tán an nínú ilé náà nìyẹn. Bí kéèkì bá yọ̀ lulẹ̀ ní ọjọ́ náà, ẹni yẹn gan-an ni yóò gbé ìtìjú rẹ̀ wọ ilé ọkọ.

Nígbà tí ọjọ́ ń súnmọ́, ó yan ọ̀kan láti fi dán ọwọ́ wò. Ó wú, bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé àwo pẹrẹsẹ kan dé e nítorí eṣinṣin, àwo náà kò sì jókòó. Ó fì síhìn-ín, ó fì sọ́hùn-ún. Obìnrin náà fi ìka tẹ etí rẹ̀, ó tún fì padà. Ó dúró, ó ń wò ó.

"Àwo lásán ò lè jókòó lórí rẹ̀," ó sọ fún ara rẹ̀, "kéèkì ni mo tún fẹ́ gbé lé e."

Láti ìgbà tó ti ń ṣe kéèkì, áísìn ni ó ń bá jà. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibi tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún gan-an ni ó ń ti òun ṣubú.

Ó mú ọ̀bẹ. Ó dùn ún, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ta ni yóò fẹ́ gé ohun tí gbogbo ilé ń yìn? Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó ti ọ̀bẹ bọ kéèkì náà nígbà tó ṣì ń gbóná, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó yan òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi í sílẹ̀ títí ó fi tutù pátápátá. Ó ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ tuntun, ó fọ̀ wọ́n mọ́, ó gún wọn yí ẹ̀gbẹ́ kéèkì ká ní gíga kan náà. Ó wá ta òwú ìránṣọ lé wọn lórí, ó ń fà á síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí ó fi la kéèkì já. Wíwú orí náà ṣí kúrò bí ọmọrí ìkòkò. Ó dojú kéèkì dé, kí ìsàlẹ̀ tó ti tẹ́jú láti inú páànù tí ó fi yan án lè di òkè. Ó gbé àwo lé e, àwo jókòó. Inú rẹ̀ dùn débi pé òun nìkan jó yí ilé ìdáná ká.

Ohun tí ó ṣe fún kéèkì ìgbéyàwó nìyẹn, ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Áísìn tí ó lò kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á lára kí èérún kéèkì má bàa máa ṣí, ó jẹ́ kó gan, lẹ́yìn náà ó tún pa á, ó ń ti ọ̀bẹ bọ omi gbígbóná, ó ń nù ún, ó ń fi tẹ́ ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ni wọ́n jẹ orí tó gé. Ìyàwó àgbà náà bù níbẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni. Ó tọ́ ọ wò títí abọ́ fi ṣófo.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ọ̀nà kò dára, oòrùn sì mú ju ti ọjọ́ ìkómọ lọ. Obìnrin náà kò lè jẹun. Wọ́n gbé kéèkì sórí tábìlì níwájú gbọ̀ngàn, ìyàwó àgbà sì dìde, ó lọ yí i ká. Ó bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá orí kéèkì dọ́gba, ó di ojú kan, ó ń wá ibi tó wọ́. Kò rí i. Ó nàró, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú lójú gbogbo èèyàn.

"Ìyàwó, mo túúbá," ó wí. "Kéèkì yìí mọ ìdúró ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ."

Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Adúmáradán fi ọkọ sílẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó wá dì mọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní, "Mo sọ fún wọn." Obìnrin náà sunkún ayọ̀ ní gbangba, ojú kò sì tì í.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń yìn ọ́ pé o kì í gba ìwọ̀sí, pé ẹni tí o bá sọ̀rọ̀ sí yóò mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ níta. Nínú ilé, aya rẹ kò lè gbé ẹ̀dùn ọkàn kan lé ọ kí ó má yọ̀ lulẹ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi ń ra aṣọ àti bàtà fún un lẹ́yìn gbogbo ìjà. Aṣọ náà dára, ṣùgbọ́n áísìn ni, oòrùn ọjọ́ kan ni yóò yọ́ ọ. Má ṣe dáwọ́ lé àtúnṣe nígbà tí inú rẹ bá ṣì ń gbóná, nítorí wàá fọ́ ohun tí o fẹ́ tún ṣe. Jẹ́ kó tutù. Lẹ́yìn náà, gé ibi tí wọ́n ń yìn yẹn kúrò, bó ti wù kó dùn ọ́ tó. Ohun tó bá ṣẹ́kù lára rẹ ni ilé rẹ yóò dúró lé, wàá sì rí i pé ó tó.