Orúkọ Tí Ẹfúnyẹmí Kọ̀ Láti Pè

Ní ìlú Amọ̀là, níbi tí amọ̀ pupa ti pọ̀ ju iyanrìn lọ, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúnṣakin. Ẹfúnyẹmí ni ìyáálé rẹ̀, Àníkẹ́ ni ìyàwó kékeré. Ìkòkò ni àwọn méjèèjì ń mọ, ìyáálé ló sì kọ́ ìyàwó níṣẹ́. Kí a má purọ́, ọwọ́ Ẹfúnyẹmí dán ju ti Àníkẹ́ lọ. Sùúrù ni kò ní.

Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ wọn, ni olórí àwọn amọ̀kòkò. Òun ló ń pín ààyè fún oníkálùkù ní ebu, ìyẹn gbangba ẹ̀yìn ìlú tí wọ́n ti ń sun ìkòkò. Òfin ebu kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í wo ojú ẹnikẹ́ni: obìnrin tí ìkòkò rẹ̀ bá fọ́ sínú iná lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra yóò gbé ààyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n á ní amọ̀ ti kọ̀ ọ́.

Nígbà tí Àníkẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, ọjà rẹ̀ ń tà wàràwàrà. Inú rẹ̀ dùn, ó sì sọ ọmọ náà ní Tèmídire. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n ní etí Ẹfúnyẹmí, òkò ọ̀rọ̀ ni. Ó ní, "Háà! Tirẹ̀ ti dire, tèmi ńkọ́?" Ó búra létí àwọn ará ilé pé orúkọ náà kò ní ti ẹnu òun jáde láé, kí òun má baà máa fi ẹnu ara òun ṣàdúrà fún orogún.

Ọmọ ń dàgbà, "ọmọ" náà ni Ẹfúnyẹmí ń pè é. "Ọmọ, gbé igbá wá." "Ọmọ, lọ wo ewúrẹ́." Ọmọ sì kún agbo ilé wọn bámúbámú. Nígbà mìíràn gbogbo wọn á sáré wá, nígbà mìíràn ẹnikẹ́ni kò ní mira, torí oníkálùkù rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà bi í pé, "Ẹfúnyẹmí, èwo lò ń pè nínú wọn?"

"Ìyá, èyí tó dúró ti ògiri yẹn."

"Kò lórúkọ ni?"

"Ó ní in, Ìyá. Ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ni gbogbo ọmọ, ìyàwó mi. Ọjọ́ ń bọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni wàá máa wá."

Ìlara kì í jẹ́ kí ọwọ́ balẹ̀. Bí Àníkẹ́ bá kó ìkòkò jáde lónìí, Ẹfúnyẹmí á fẹ́ sun tirẹ̀ lọ́la. Ni ìkòkò rẹ̀ bá fọ́ sínú iná, ó tún mọ òmíràn, ìyẹn náà fọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo Àníkẹ́ ní ìwòkuwò, bí ẹni pé òun ló ń fọ́ wọn. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí ó pàdánù ààyè rẹ̀, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn láyé. Ẹ̀rù ń bà á.

Nígbà ọyẹ́, ó tún to ìkòkò jọ. Ó da àwọn ìkòkò aró ńlá dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, ó to ìṣasùn lé wọn, ó sì fi koríko gbígbẹ bo gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń ṣeré bojúbojú nítòsí. Nínú eré wọn, ẹni tó bá sá pamọ́ kì í jáde àfi tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, nítorí àwọn ẹlẹ́tàn a máa kígbe pé "Mo ti rí ọ o!" nígbà tí wọn kò rí ẹnìkankan.

Ẹfúnyẹmí lé wọn: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kúrò níbẹ̀!" Wọ́n sá lọ sétí ọ̀nà. Ó ti iná bọ apá kan koríko. Bí iná ṣe ń ta pàrà ni ó gbọ́ tí ẹnìkan sín láàárín ìkòkò.

"Ta nìyẹn?" Ó tún ké sí i: "Ọmọ! Ìwọ ọmọ, jáde!"

Àwọn tó wà létí ọ̀nà ló dáhùn: "Ìyá, àwa nìyí o!"

Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ọmọ Àníkẹ́ kò sí nínú wọn. Ó sáré yí òkìtì ìkòkò náà ká. Ìkòkò pọ̀, kò mọ èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀, iná kò sì dúró de ẹnìkan.

"Tèmídire!" Ó ké e tẹkúntẹkún. "Tèmídire o! Tèmídire mi, jáde!"

Orí kan yọ lẹ́nu ìkòkò aró, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, mo wà níbí!" Ẹfúnyẹmí fà á yọ, ó gbá a mọ́ra, ó ń sunkún. Àwọn obìnrin ebu fi ewé tútù lu iná náà títí ó fi kú.

Ìyá Àgbà sáré dé, ó yẹ ọmọ náà wò bóyá iná jó o. Iná kò jó o, ṣùgbọ́n amọ̀ tútù ló kún orúnkún àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò náà títí dé ìdí.

"Ẹfúnyẹmí, wá fọwọ́ kàn án. Ìta gbẹ, inú ṣì tutù. Ìkánjú ló ń fọ́ ìkòkò rẹ, kì í ṣe ènìyàn. Ká ní iná yìí jó délẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ì bá fọ́."

Ojú ti Ẹfúnyẹmí. Ó rántí gbogbo bó ti ń wo Àníkẹ́. Ó kó gbogbo ìkòkò náà sóòrùn títí inú wọn fi gbẹ bí ìta. Nígbà tó sun wọ́n, ẹyọ kan kò fọ́. Ó mú ìṣasùn tó dára jù nínú wọn, ó sì pè: "Tèmídire, wá gba tìrẹ."

Àníkẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyáálé mi, ṣebí ẹ ní ẹ kò ní fi ẹnu yín ṣàdúrà fún orogún?"

Ìyá Àgbà ló dá a lóhùn. "Orogún wo? Ẹni tó bá la ẹnu pe Tèmídire, ti ta ló ní ó dire?"

Ẹfúnyẹmí náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún orúkọ náà pè. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Amọ̀là ti ń pa á lówe pé àpèmọ́ra là ń pe Tèmídire.