Ogójì Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Ìlérí
Olóyè Àjàgbé, alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, kéde níbi ìpàdé ìlú Òkè-Ìlérí pé bí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé wọn kò bá pé ogójì lọ́jọ́ Ẹtì, òun á tì í pa. Ọmọ mọ́kànlá péré ló kù níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òbí ti kó lọ sí ìlú ńlá. Ìyáàfin Fẹ̀hìntọ́lá, tíṣà kan ṣoṣo tó ń kọ́ wọn, kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òfin sọ iye ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́?" Akọ̀wé yẹ ìwé òfin wò, ó ní kò sọ ọ́. Nígbà tí alága wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì, ó bá àwọn ọmọ náà pẹ̀lú àgbàlagbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí wọn ò kàwé rí, tí kálukú di síléètì mú. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló jókòó síwájú. "Ẹ̀yin náà, Màmá?" "Èmi náà ni. Wò ó, mo ti kọ orúkọ mi." Alága buwọ́ lùwé pé kí ilé-ìwé máa bá iṣẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ rọra gbé síléètì náà lé itan, ó ní, "Ká ní wọ́n rán mi wá síbí nígbà tí mo ṣì kéré ni, ǹ bá fúnra mi ka lẹ́tà tí bàbá rẹ kọ sí mi kó tó kú. Ẹni tí mo gbé e fún pé kó bá mi kà á ló sọ ọ́ nù."