Owó Ojú Ìyá Télọ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀ ní ìlú kan lẹ́bàá títì. Ìyá rẹ̀ ló ń bá a gbé. Ojú ìyá náà ti ṣú, kò dá èèyàn mọ̀ mọ́ àfi bó bá gbọ́ ohùn. Dókítà ní bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un, yóò ríran padà, ó sì ti dá ọjọ́ fún wọn. Télọ̀ ti ń fi owó iṣẹ́ abẹ náà pa mọ́ sí báǹkì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé.

Bí télọ̀ bá ń ránṣọ, ìyá á jókòó tì í, wọn á jọ máa sọ̀rọ̀ baba tó ti kú. Àgbẹ̀ ni baba. Etí ọ̀nà oko ló máa ń kó iṣu tó fẹ́ tà sí, á to òkúta wẹ́wẹ́ sí i láti fi sọ iye rẹ̀. Á wá fi ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa pa àálè sí i, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé nǹkan olóhun ni, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra iṣu á gbé e, á fi owó sílẹ̀. Ayé mà dùn nígbà yẹn o! Bí télọ̀ bá rántí òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, àti ohùn baba tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú orin lẹ́nu, àárò ọjọ́ yẹn á sọ ọ́ gan-an.

Òun náà kì í ṣe olè. Tẹ́tẹ́ orí fóònù ló kó sí i lórí. Bí eré bí eré, ó ń ta á lórí bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ bàbá wọn. Òkè òkun ni ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà wà, wọn ò sì gba ìwé àṣẹ níbí. Nígbà tó yá, ìjọba ṣòfin pé kí báǹkì kankan má fi owó ránṣẹ́ sí irú wọn mọ́. Télọ̀ tẹ fóònù títí, owó ò lọ. Ó yẹ kó dúpẹ́. Ṣé ó dúpẹ́? Inú ló ń bí i!

Ló bá gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tún fóònù ṣe lọ. Ọ̀rẹ́ fi í rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹnì kan wà níbí tó ń bá àwọn onítẹ́tẹ́ yẹn gba owó. Fi ránṣẹ́ sí orúkọ tirẹ̀, kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣọ lo rà. Ta ni yóò bi télọ̀ pé kí ló fẹ́ fi aṣọ ṣe?"

"Ṣé òfin ò ní mú mi?"

"Báǹkì ni wọ́n ṣòfin fún. Ṣé ìwọ ni báǹkì ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ télọ̀ nínú. Owó iṣẹ́ abẹ ló wà nílẹ̀, òun náà ló sì fi ránṣẹ́. Ó ní òun ò ná an, òun kàn fẹ́ kó bímọ ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́. "Àjàgbé, o rántí ọkùnrin tó fi ọ̀pá fa iṣu baba rẹ? Ó ní ọwọ́ òun ò kan àálè. Baba rẹ ní, 'Ṣé ọ̀pá ló fẹ́ jẹ iṣu ni?'" Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Ẹ wá gbọ́! Télọ̀ jẹ tẹ́tẹ́ yìí. Ó jẹ ẹ́ rẹpẹtẹ. Ó dúró kí wọ́n sanwó, wọn ò san. Ó pe ẹni tó bá wọn gba owó, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà dá gan-an, ó sáré lọ fẹjọ́ sùn ní báǹkì. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò ó.

"Ẹ má bínú, sà. Aṣọ lẹ kọ síbí pé ẹ rà. Ṣé aṣọ náà ò tíì dé ni?"

Kí ni kó wí? Bó bá ní aṣọ ò dé, irọ́ ni. Bó bá ní tẹ́tẹ́ ni, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Àfọwọ́fà ni, kò sì sẹ́ni tó lè bá a dá sí i. Ó ṣẹ́rí padà sílé.

Ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tuntun tí télọ̀ rán fún un.

"Àjàgbé, ṣé ìwọ nìyẹn? Mo ti múra o. Ojú rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, inú télọ̀ dùn pé ìyá òun ò ríran. Ó mà ṣe o!

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, o bi mí bóyá òfin gba tẹ́tẹ́ orí fóònù. Òfin ibì kan gbà á, ti ibòmíràn ò gbà á, ó sì lè yí padà lọ́la. Bí báǹkì bá sì di ọ̀nà mọ́ ọ, àálè ni wọ́n pa. Àálè kì í di èèyàn lọ́wọ́ mú, ẹni tó nítìjú ló ń dá dúró. Kí o tó wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, lọ bá ẹni tí o ń fi owó náà pa mọ́ fún. Jókòó tì í, kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe fún un. Bí ẹnu rẹ bá gbà á, máa ta tẹ́tẹ́ rẹ lọ.