Aṣọ Tútù Tí Ìjàpá Gbé Lọ Bá Ọba

— Àlọ́ o!
— Àlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò dúró lójúde, kò dúró lóko, inú ìkòkò aró ló já sí. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó lọ sùn.

Ní ìgbà kan rí, ẹyẹ Agbe ni ọ̀gá gbogbo aláró. Ìjàpá àti ẹyẹ Awó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún le. Wọ́n á gún ewé ẹlú, wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á dúró kí aró kan dáadáa. Wọ́n á rẹ aṣọ, wọ́n á sá a kó gbẹ, wọ́n á tún rẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀meje! Bí Awó bá béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé ó ti tó?" orin ni Agbe fi ń dá a lóhùn:

Rẹ ẹ́, kó o sá a,
— Kò ì tíì dúdú.
Èyí tó gbẹ là ń wò,
— Kò ì tíì dúdú.

Orin yìí ti sú Ìjàpá. Ṣé ayé òun ni òun fẹ́ fi rẹ aṣọ tán ni? Lọ́jọ́ kan, ó rẹ aṣọ sínú aró lẹ́ẹ̀kan péré, ó yọ ọ́, ó wò ó. Ó dúdú minimini, ó ń dán.

"Họ́wù! Ó kúkú ti dúdú! Kí la tún ń rẹ ẹ́ fún?"

Awó ní, "Ó tutù ni. Jẹ́ kó gbẹ ná."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Wo apá ẹ bí ìdí ìkòkò. Ọdún mẹ́ta, kí lo rí níbẹ̀?"

"Mo ti mọ eérú tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa. Lọ́dún tó kọjá, n kò mọ̀ ọ́n."

Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. "Eérú! Ẹ wá wo ẹni tó ń fi eérú yangàn!"

Kò pẹ́, Erin ọba kéde: ẹni tó bá pa aṣọ ọdún òun láró dáadáa, òun yóò fún un ní etí odò, kó máa ṣe aláró ààfin títí ayé. Omi nítòsí, ìbòòji lórí. Kí ni aláró tún ń wá? Ọkàn Ìjàpá fò.

Oníkálukú gba aṣọ funfun kan. Awó ń rẹ tirẹ̀, ó ń sá a. Ìjàpá rẹ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ na ẹsẹ̀ sábẹ́ igi. Nígbà tí ọjọ́ ọdún pé, ó ki aṣọ bọ omi, ó fi ewé kókò wé e kó má baà gbẹ, ó sáré dé ààfin ṣáájú gbogbo ayé.

Erin ní, "Dúdú yìí mà dára o! Àmọ́ kí ló dé tó tutù?"

"Kábíyèsí, ooru ọdún ni mo rò. Kó lè tù yín lára ni."

Erin ró o mọ́ra. Ó ní, "Máa lọ sí etí odò. Tìẹ ni."

Ẹni tó bá ti ta aṣọ rí mọ̀ pé òpùrọ́ ni aṣọ tútù.

Erin jó lójú agbo ọdún. Oòrùn yọ. Aṣọ gbẹ. Ó ṣí ráúráú bí omi ìṣanwọ́, aró sì lẹ̀ mọ́ ara Erin kálákálá. Àwọn ọ̀bọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Erin wo ara rẹ̀.

"Ìjàpá!"

"Kábíyèsí, oòrùn ló bà á jẹ́!"

Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni Awó ń bọ̀ nínú oòrùn kan náà, tòun taṣọ gbígbẹ lórí. Aṣọ náà dúdú bí òru.

Erin kò lu Ìjàpá. Ó tọ́ka sí ìkòkò aró tó wà létí odò. "Ìwọ laláró ààfin. Ó yá, pa aṣọ mìíràn láró kí n rí i."

Ìjàpá dúró ti ìkòkò. Eérú wo? Kò mọ̀ ọ́n. Aró ti kan àbí kò ì tíì kan? Kò mọ̀ ọ́n. Ibi tó ń sáré lọ ló dé yìí, ọwọ́ òfìfo ló gbé débẹ̀. Ojú tì í ju kí wọ́n lù ú lọ. Ó yọ́ kúrò. Awó ló gba etí odò.

Nírọ̀lẹ́, Ìjàpá padà sọ́dọ̀ Agbe, ó dọ̀bálẹ̀. Agbe kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹlú ń bẹ nínú odó. Gún un."

Ta ló tún bá níbẹ̀? Awó ni, aláró ààfin, tó na aṣọ tuntun sọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ṣé ó ti tó?"

— Kò ì tíì dúdú!

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohun tó yá kíá lè gbé èèyàn dé ipò, kò lè bá a jókòó níbẹ̀. Iṣẹ́ tí a kò yéé kọ́ ló ń báni kalẹ́. Bí mo bá parọ́, kí aró má mú lára aṣọ mi.