Ó Ti Wọlé

Ọkùnrin méjì kan wà tí ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé wọn. Káfíńtà ni ọ̀kan, ọdẹ ni èkejì. Bí ọbẹ̀ bá tán níhìn-ín, wọ́n á bù ú wá láti ọ̀hún. Ọdẹ yìí ló fún ọmọbìnrin káfíńtà ní oríkì tí gbogbo wa fi ń pè é, Àwẹ̀ró.

Nígbà tó yá, ìbò Amẹ́ríkà dé. Káfíńtà ní ẹni tó wà lórí àga ni kó máa bá a lọ. Ọdẹ ní rárá, ẹni tó ń bá a du ipò ló lè tún ayé ṣe. Àwọn méjèèjì kò ní káàdì ìdìbò Amẹ́ríkà, ká má tilẹ̀ sọ pé wọ́n mọ ọ̀nà ibẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ di èébú, wọ́n sì yan ara wọn lódì. Ẹ kú àárọ̀ lásán, wọn kò kí ara wọn mọ́.

Lọ́jọ́ tí èsì fẹ́ jáde, káfíńtà jí lọ síbi tí wọ́n ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rí ejò tó ń wọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ síbi tí ọmọ sùn sí. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í pe ejò lórúkọ nínú òkùnkùn. Kò dárúkọ rẹ̀. Ó ń lu ògiri, ó ń ké pé, "Bàbá Ọdẹ! Ó ti wọlé o! Ó ti wọlé!"

Ọdẹ gbọ́. Rédíò wà létí rẹ̀, wọn kò tíì kéde ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń retí pé wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pòṣé. Ó ní, "Bó bá wọlé, kó jókòó síbẹ̀!" Ó yí rédíò sókè. Àdá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kí ìyá tó rí igi mú, ejò ti bu ọmọ ṣán. Àwẹ̀ró kò rí oòrùn ọjọ́ náà.

Káfíńtà kan pósí, ọdẹ gbẹ́ ilẹ̀.  Ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ẹnì kan búra wọlé sípò, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. N kò tilẹ̀ rántí èwo nínú wọn ni.

N kò ní kí o má ní ẹni tí o fẹ́. Ayé ti lu jára, ohun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ lè kàn wá. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, ìgbà wo lo kí ẹ̀gbọ́n rẹ kẹ́yìn? O ní ó bú ẹni rẹ. Ẹni rẹ! Ṣé ó mọ orúkọ rẹ ni? Dìde, lọ kí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá lu ògiri, òun ló wà lódìkejì.