Ẹja Tí Kò Dé Ìsàlẹ̀

Bí ẹnì kan bá ń ba nǹkan jẹ́ lọ́nà jíjìn, tó ní ilé òun kò sí níbẹ̀, àwọn ará Ìdóko á sọ fún un pé, "Òkè lẹja ń yé sí, ìsàlẹ̀ là ń pa á." Àlejò á ní, ẹja wo, òkè wo? Akínlàbí ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹnu ìyàwó rẹ̀ ló sì ti gbọ́ ọ.

Ìsàlẹ̀ odò ni Ìdóko wà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹja á gun odò lọ sókè láti yé, ẹnikẹ́ni kì í sì dẹ ìgèrè fún wọn. Nígbà tí omi bá ń fà, àwọn ọmọ wọn á sọ̀kalẹ̀, ìgèrè á kún. Ẹja yìí ni Fẹ́hìntọ́lá, ìyàwó Akínlàbí, ń yan tà, tó fi ń tọ́ Bámgbóyè ọmọ wọn.

Akínlàbí kò jẹ́ fi ọṣẹ kan omi ní èbúté Ìdóko, nítorí èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n oko kòkó rẹ̀ wà lókè odò, níbi tí ojú ará ilé kò tó. Bó bá fọ́n oògùn kòkó tán, inú ibú ẹ̀bá oko ló ti ń ṣan páǹpù rẹ̀. Ó máa ń sọ pé omi tó ń ṣàn kì í di ẹ̀gbin mú.

Ọdún kan, ewé nìkan ni ìgèrè mú. Ọdún kejì, ewé náà ni. Àwọn obìnrin yòókù yà sídìí gààrí, ṣùgbọ́n Fẹ́hìntọ́lá kọ̀.

"Ẹja kì í ṣe ẹyẹ tí yóò fò lọ," ló wí. "Ibi tó dúró sí ni mo fẹ́ mọ̀."

Nígbà tí òjò tún dé, tí ẹja gòkè, ó gbé agbọ̀n, ó tọ ipadò lọ títí ẹsẹ̀ fi wú. Ní ibú ẹ̀bá oko ọkọ rẹ̀, abo ẹja léfòó lọ súà, òórùn oògùn sì gba gbogbo ibẹ̀. Akínlàbí ń ṣan páǹpù lọ́wọ́.

"Ìyá Bámgbóyè, kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹja mi ni mo wá wá, Bàbá Bámgbóyè."

Ó ṣa òkú ẹja kún agbọ̀n, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kan. Ẹyin tú jáde.

"Ẹ wo ẹja ọdún tó ń bọ̀. Òkè lẹja ń yé sí, ìsàlẹ̀ là ń pa á."

Ojú ti Akínlàbí gidigidi. Ọjọ́ náà ló gbẹ́ kòtò ìṣanpáǹpù jìnnà sómi, ó sì ń ti oko dé oko sọ fún àwọn àgbẹ̀ tó kù pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín, ó tún padà lọ bá wọn. Ní ìsàlẹ̀, Fẹ́hìntọ́lá ń dẹ ìgèrè, ó ń da ewé nù, ó ń dẹ ẹ́ padà. Nígbà tí ẹja kan wọ̀ ọ́ níkẹyìn, kò tó ìka ọwọ́. Ó fi han ọkọ rẹ̀, ó sì dá a padà sómi.

"Ẹ jẹ́ kó dàgbà," ó ní. "Yóò gòkè lọ yé."

Nítorí náà, ará Ìdóko kì í bèèrè ibi tílé rẹ wà kó tó bá ọ wí. Òkè lẹja ń yé sí, ìsàlẹ̀ là ń pa á.